Kí O Tó Ra Kọ̀ǹpútà Tuntun Yẹn

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, mo sì ti rẹ́rìn-ín kí n tó kà á parí. Ọ̀rẹ́ rẹ kan ní Mac ti Apple nìkan ló ń jẹ́ kọ̀ǹpútà, pé ìyókù, ohun ìṣeré ọmọdé ni. Ìkejì ní ojú ẹni tó bá ṣì ń lo Windows ò tíì là, pé Linux ni kí o gbé sórí ẹ̀rọ rẹ. Owó wà lọ́wọ́ rẹ, ọkàn rẹ ò balẹ̀, o wá ní kí ìyá rẹ bá ọ dá a: èwo ló dára jù?

Mi ò ní dáhùn ìyẹn, torí kò ní ìdáhùn. Kò sẹ́ni tó ń jí láàárọ̀ tó ń sọ pé operating system, ìyẹn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows àti Linux, lòun fẹ́ lọ lò. Excel lèèyàn ń ṣí, géèmù lèèyàn ń gbá, fíìmù lèèyàn ń wò. Mú bébà kan. Kọ gbogbo sọ́fíwíà tí o ò lè ṣe láìní sórí rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ gan-an. Má kọ "géèmù". Orúkọ géèmù ni kí o kọ. Má kọ "iṣẹ́ ọ́fíìsì". Kọ ohun tí o máa ṣí láago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Tí o bá fi máa kọ ọ́ tán, bébà yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ yan kọ̀ǹpútà.

Ìwọ fúnra rẹ ti dárúkọ méjì nínú lẹ́tà rẹ láìfura. O ní Excel àti Access (sọ́fíwíà tó ń to àkọsílẹ̀ jọ) ni ọ̀gá rẹ tuntun ní kí ẹ máa fi ṣiṣẹ́ láti ilé. Microsoft ò ṣe Access fún Mac. Excel wà lórí Mac, ó sì dáa, àmọ́ Power Pivot, irinṣẹ́ tó ń pa àtẹ ńlá pọ̀ ṣe ìṣirò, ò sí nínú rẹ̀. Lórí Linux ńkọ́? LibreOffice wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, òun gan-an ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ó sì máa ń ṣí fáìlì Excel. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí. Mo gbé fáìlì owó oṣù kan wálé láti ibi iṣẹ́, mo ṣí i nínú LibreOffice, gbogbo nọ́ńbà ló pé, kódà àwọ̀ tí wọ́n kùn sórí ìlà kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà lókè tí èèyàn máa ń tẹ̀ kó bá a ṣírò owó orí. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò ṣe nǹkan kan. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Mo pa fáìlì dé, mo ṣí i padà, mo tún tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé VBA ni ẹni tó ṣe fáìlì náà fi kọ iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn bọ́tìnnì yẹn. Èdè Excel nìyẹn; LibreOffice ń gbọ́ díẹ̀ níbẹ̀, kò gbọ́ ọ tán. Ọwọ́ ni mo fi ṣírò owó orí gbogbo wọn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ká ní iṣẹ́ mìíràn lo ń ṣe, ọ̀rọ̀ mi á yàtọ̀. Ẹni tó ń ṣe áàpù fún iPhone ò lè máà ní Mac nítòsí, torí orí rẹ̀ nìkan ni Xcode, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe é, ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ oní-Mac yẹn, ṣebí fídíò ló ń gé jẹun? Final Cut Pro ò sí fún Windows. Òótọ́ ló sọ, tara rẹ̀ ló sọ. Oní-Linux náà ò parọ́: sáfà, kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì, ni wọ́n gbà á sí láti máa tọ́jú, Linux ló sì wà lórí èyí tó pọ̀ jù nínú sáfà ayé, ohun tí ọmọ iléèwé kan tó ń jẹ́ Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Helsinki lọ́dún 1991. Kálukú wọn ń fi bàtà tirẹ̀ wọn ẹsẹ̀ rẹ ni.

Ní ti géèmù, o mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n gbá, àmọ́ mo wádìí. Valorant tí ẹ̀yin àwọn ọ̀rẹ́ ń gbá mọ́jú yẹn, tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà ni, Windows nìkan ló gbà. Ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ Vanguard, tó ń ṣọ́ àwọn oníyànjẹ. Inú Windows lọ́hùn-ún ló máa ń jókòó sí, kò sì ṣiṣẹ́ lórí Linux tàbí Mac. Counter-Strike 2 ní tirẹ̀ wà fún Windows àti Linux, ṣùgbọ́n Valve tó ṣe é yọ Mac kúrò lọ́dún 2023. Minecraft tí àbúrò rẹ ń gbá, Java Edition rẹ̀ ń lọ lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣé o rí ìdí tí mo fi ní kí o kọ orúkọ?

Má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ọ pé Linux ò mọ géèmù. Ó ti pẹ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wò ó kẹ́yìn. Láti 2018 tí Valve ti gbé Proton jáde, ọ̀pọ̀ géèmù tí wọ́n ṣe fún Windows ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Linux ló sì wà nínú Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká wọn, tó dé ní 2022. Èyí téèyàn ń dá gbá sábà máa ń lọ geere. Èyí tẹ́ ẹ fi ń bára yín jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ló máa ń gbé ẹsẹ̀ kọ́, nítorí àwọn ẹ̀ṣọ́ bíi ti Vanguard. Lọ sí ìkànnì ProtonDB, tẹ orúkọ géèmù sí i, wàá rí ohun táwọn tó ti dán an wò sọ.

Nítorí náà, Windows 11 ni fún ẹ̀rọ tuntun. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìpolówó tó máa ń yọjú nínú rẹ̀ tó láti bí àgbàlagbà nínú. Bébà rẹ ló yàn án. Má gba RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) tó kéré sí 16GB, kí o sì bi wọ́n bóyá o lè fi kún un lẹ́yìn ọ̀la, torí wọ́n ti jó ti òmíràn mọ́ inú ẹ̀rọ. Tówó bá ṣẹ́ kù, graphics card, èyí tó ń ya àwòrán géèmù, ni kí o ná an sí. Ọjọ́ tí o bá kọ́kọ́ tan án, ó ṣeé ṣe kí ó fi kọ́kọ́rọ́ ti disk rẹ̀, ibi tí gbogbo fáìlì ń gbé, fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà 48 ni kọ́kọ́rọ́ náà. Wá a nínú àkáǹtì Microsoft rẹ, kọ ọ́ sórí bébà, má fi bébà náà sínú àpò láptọ́ọ̀pù. Ẹni tó bá ní kí o gbé Windows àti Linux sórí disk kan náà, ó ṣeé ṣe lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀rọ tó ń bọ́ ọ kọ́ ni kí o fi kọ́ṣẹ́.

Èyí tó wà lọ́kàn mi jù ni láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí o ní o fẹ́ jù nù. Lóòótọ́, 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Ẹ̀rọ náà ò kú. Ihò tólè bá rí lára rẹ̀ ni wọn ò ní máa bá ọ dí mọ́, àyàfi tí o bá gba àfikún àkókò tí wọ́n yọ̀ǹda, èyí tí kò gùn. Windows 11 ò sì gbà á: RAM rẹ̀ tó, àyè rẹ̀ tó, processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ló ti dàgbà ju àwọn tí Microsoft kọ sílẹ̀ lọ. Gbé Linux Mint, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, sí i fún àbúrò rẹ. Kò nílò ju íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé kíkọ, fíìmù àti Minecraft rẹ̀ lọ.

Fláàṣì 8GB ti tó. Gbé Mint sórí rẹ̀, tì í bọ ẹ̀rọ, kí o tan ẹ̀rọ náà láti orí fláàṣì. Mint á ṣí láìfọwọ́ kan disk rárá. Ṣe sùúrù níbẹ̀. Gbọ́ bóyá ó ń dún, wo kámẹ́rà, tẹ ìwé kan jáde, pa ìdérí rẹ̀ dé kí o tún ṣí i bóyá á jí. Tí gbogbo rẹ̀ bá pé, tí o ní kó wọlé pátápátá, ojú ewé kan á yọ tó ń bi ọ́ bóyá kó nu disk.

Ibẹ̀ ni mo ti ṣubú. Fláàṣì ni mo rò pé wọ́n ń pè ní disk. Mo tẹ̀ ẹ́, mo lọ bu omi mu. Nígbà tí mo padà dé, ìlà kékeré kan ń rìn láti òsì lọ sí ọ̀tún, ó ti kọjá àárín. Àkànní, fọ́tò tí o máa ń béèrè lọ́wọ́ mi, èyí tí o ti di ẹsẹ̀ àga mú pẹ̀lú eyín méjì péré lẹ́nu, tí mo máa ń ní mò ń wá a, mi ò wá nǹkan kan. Orí disk yẹn ló wà.

Ìdí nìyí tí mo fi ní kí o ṣe ẹ̀dà fáìlì rẹ sí ibi méjì tó yàtọ̀ sí ẹ̀rọ náà, kí o sì ṣí díẹ̀ nínú ẹ̀dà náà wò kí o tó gbà pé ó wà.

Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yìí náà lo ń lò nígbà tí mo máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ lórí í-meèlì. Kí o tó ki fláàṣì bọ̀ ọ́, wo inú Downloads, wo àwọn fódà tí o ò ṣí mọ́. Bóyá mo ti fi ti ẹsẹ̀ àga yẹn ránṣẹ́ rí. Tí o bá rí i, pè mí, aago yòówù tó bá jẹ́.

Èmi ni,
Ìyá rẹ