Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi amọ̀ ṣe fíìmù

Sí Olóòtú,

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ń bọ̀, lẹ́sìnnì nìkan la tún ń gbọ́. Kí ló dé tí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Èkìtì kò lè kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní fíìmù alámọ̀? Fóònù kan, tábìlì kan àti amọ̀, ó bùṣe. Ọmọ á fi amọ̀ mọ ìjàpá, á yà á ní fọ́tò, á sún ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, á tún yà á. Bí àwọn fọ́tò náà bá ń yára tẹ̀lé ara wọn, á dà bíi pé ìjàpá ń rìn. Bí fọ́tò 12 bá ń lọ sí ìṣẹ́jú àáyá kan, fíìmù ìṣẹ́jú kan á gba 720. (Aláìnísùúrù á kọ́ sùúrù!) Kí wọ́n ṣáà de fóònù náà mọ́lẹ̀ dáadáa, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwòrán á máa gbọ̀n. Àwọn ìyá amọ̀kòkò Ìsàn-Èkìtì ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè, kí wọ́n wá kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń po amọ̀ tí kò ní sán.

Òbí kan,
Adó-Èkìtì