Rédíò Yín Ò Kú, Òkè Ló Dí I Lọ́nà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ tiwa dá lórí àwọn ọ̀dọ́ Èkìtì tí wọ́n ti gbàwé àṣẹ rédíò amateur (rédíò tí èèyàn fi ń bá àwọn ẹlòmíì sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, tí kì í ṣe tòwò), tí ìjọba ti fún ní àmì ìpè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N ti Nàìjíríà, àmọ́ tí wọn ò tíì rí ẹnì kan ṣoṣo bá sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé rédíò náà ti kú. Kò kú. Ibi tí èèyàn ò sí ni wọ́n ti ń pe èèyàn.

Rédíò alágbèéká tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, wáàtì 5 ni agbára rẹ̀, ìgbì tó gùn ní mítà 2 ló sì ń lò, ìyẹn mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 144 sí 146. Ìgbì yìí ń lọ tààrà bí ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì ni. Èkìtì tí wọ́n ní òkìtì ló bí orúkọ rẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹni tó dúró sẹ́sẹ̀ òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, tó ń pe ẹni tó wà lẹ́yìn àpáta, àpáta ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ńkọ́, tí òkè yí ká? Ẹ tilẹ̀ gun orí òkè, kí ẹ pe 145.500 tí í ṣe ìkànnì ìpè, àwọn tí yóò dáhùn nítòsí ò pọ̀.

Ìgbì mítà 20 ni kí ẹ lọ, rédíò mìíràn ló sì ń lò ó, kì í ṣe alágbèéká yẹn. Ìgbì tirẹ̀ máa ń lọ gbá ìpele afẹ́fẹ́ kan tí oòrùn ń fún lágbára, tó lé ní kìlómítà 200 lókè, á sì padà wálẹ̀ sí Yúróòpù tàbí ibi tó jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òkè kankan ò lè dí ìyẹn. Láti mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 14.125 dé 14.350 lẹ ti máa gbọ́ ohùn èèyàn, USB (ẹ̀gbẹ́ òkè ìgbì) sì ni kí ẹ yí rédíò sí. Bó bá wà ní LSB (ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀), ohùn wọn á máa dún bíi ti pẹ́pẹ́yẹ. Mítà 40 dára lálẹ́, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ fi mítà 20 kọ́wọ́.

Áńtẹ́nà rẹ̀ ò wọ́n. Wáyà 1.5 tí àwọn oníná ń lò nínú ilé tó. Ẹ mú 143, ẹ fi iye mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì pín in: fún 14.2, ó jẹ́ mítà 10.07, apá kọ̀ọ̀kan á wá jẹ́ 5.03. Ẹ má gé e ní 5.03 o! Ẹ gé e ní 5.25, nítorí èyí tí a gé kúrú jù ò ṣeé fà gùn mọ́, wáyà tó bá sì ní rọ́bà lára kì í fẹ́ gùn tó ohun tí ìṣírò wí. Ẹ so apá méjèèjì mọ́ páìpù PVC kékeré láàárín, kí okùn inú wáyà coaxial (èyí tó so áńtẹ́nà mọ́ rédíò) lọ sí apá kan, kí èyí tó hun yí i ká lọ sí apá kejì. Ẹ jó o pọ̀ dáadáa, kí ẹ sì dí ojú rẹ̀ pa. Bí omi òjò bá wọ inú coaxial pẹ́nrẹ́n, á máa ṣàn lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀, áńtẹ́nà tó dára lánàá á sì bàjẹ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Lábẹ́ páìpù yẹn, ẹ ká coaxial ní ìgbà mẹ́jọ bí òrùka, kó fẹ̀ bí ìdí garawa kékeré. Òun ni kì í jẹ́ kí iná rédíò sá padà wá sínú yàrá, kí gbohùngbohùn má baà máa ta yín létè.

Ọparun la fi ń gbé àárín rẹ̀ sókè, mítà 7 ó kéré tán, kí apá méjèèjì dà sílẹ̀ bí òrùlé, kí okùn ọ̀rá sì di orí wọn. Ẹ wo ibi tí ọparun náà lè wó sí. Bó bá lè kan wáyà NEPA, ẹ kúrò níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni SWR, ìwọ̀n tó ń fi hàn bí agbára tí áńtẹ́nà ń dá padà sí rédíò ṣe pọ̀ tó. Bí iye rẹ̀ bá kéré jù lọ ní mẹ́gáhẹ́ẹ̀tì 13.8, wáyà ti gùn jù. Bó bá jẹ́ 14.6, ó ti kúrú. Sẹ̀ǹtímítà 5 tí ẹ bá gé lápá kọ̀ọ̀kan ń gbé e sókè ní nǹkan bíi kìlóhẹ́ẹ̀tì 140, nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni kí ẹ máa gé. 1.5 dára púpọ̀. Bó bá kọjá 2, ẹ má tíì tẹ bọ́tìnì.

Rédíò wáàtì 100 ń fa nǹkan bí ampere 20 lára bátìrì. Bí wáyà bátìrì bá tín-ín-rín, iná á já wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀, ohùn yín á sì máa wó. Ẹ dín agbára rẹ̀ kù sí wáàtì 25. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ pa ínfátà àti gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ wá gbọ́ bí ariwo ṣe máa lọ.

Ní ti ìpè fúnra rẹ̀, ẹ má fi CQ (ìpè sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́) bẹ̀rẹ̀. 5N ò pọ̀ lórí afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá pe CQ, ogún èèyàn lè dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rù á sì bà yín. Ẹ wá ẹni tó ń pe CQ, tí ohùn rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kó parí, ẹ sọ àmì yín lẹ́ẹ̀kan, “Five November” àti ìyókù rẹ̀, kí ẹ sì dákẹ́. Àwa Yorùbá fẹ́ràn ìkíni gígùn, àmọ́ níbí, ẹ fún un ní “five nine” bí ẹ bá gbọ́ ọ dáadáa, orúkọ yín, àti ìlú, kí ẹ fi ọ̀rọ̀ kan pe lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Echo, Kilo, India, Tango, India, ìyẹn EKITI. JJ27 ni Adó-Èkìtì lórí máàpù onígun mẹ́rin tí àwọn oní rédíò amateur ń lò. “Seventy-three” tí í ṣe ìdágbére, ó parí.

Bí èrò bá pàpà rọ́ lù yín lọ́jọ́ kan, ẹ mú lẹ́tà méjì tí ẹ gbọ́, ẹ ní “Oscar Kilo only”, kí ẹ má sì dá ẹlòmíì lóhùn títí onítọ̀hún á fi parí.

Àkókò UTC (àkókò àgbáyé) ni kí ẹ kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìbánisọ̀rọ̀ yín: aago mẹ́ta ọ̀sán wa jẹ́ 14:00. Tí ẹ bá kọ 15:00, ìbánisọ̀rọ̀ náà ò ní bá tẹnìkejì mu lórí LoTW (àkọsílẹ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń fìdí ìbánisọ̀rọ̀ múlẹ̀), torí ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú 30 ni wọ́n gbà.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, láàárín aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́. Bí òjò bá ṣú, ẹ yọ coaxial lára rédíò, kí ẹ sì ju orí rẹ̀ síta fèrèsé.

Àwa olùfẹ́ rédíò amateur,
Adó-Èkìtì