Ẹ má tíì hú àwọn róòsì yẹn

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé tuntun o, ẹ sì kú ìfaradà òtútù Leeds. Ilé náà á tù yín lára. Mo rí àwọn fọ́tò ẹ̀yìnkùlé tí o fi ránṣẹ́, mo sì gbọ́ ohun tí ọkọ rẹ wí: pé igi gbígbẹ ni gbogbo róòsì tí àwọn tó ta ilé fún yín fi sílẹ̀, pé kí ẹ hú wọn dànù kí ẹ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ibẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì pe ẹnikẹ́ni. Oṣù Kìíní la wà. Kò sí bí róòsì ṣe máa wuni wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lákòókò yìí. Fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kan. Tí abẹ́ rẹ̀ bá tutù, tó láwọ̀ ewé, ó wà láàyè. Tó bá gbẹ tó sì ṣú, sún mọ́ ìdí igi kí o tún ha á níbẹ̀, kí o tó sọ pé ó ti kú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ fún ọgbà yẹn ní ọdún kan gbáko kí ẹ tó hú ohunkóhun nínú rẹ̀. Ẹni tó ra ilé nígbà òtútù kò tíì mọ gbogbo ohun tó rà. Òdòdó dáfódìlì lè wà lábẹ́ ilẹ̀ tí kò ní yọrí títí di oṣù Kẹta. Àwọn róòsì náà ńkọ́? Ẹ ò mọ àwọ̀ wọn, ẹ ò mọ òórùn wọn.

Àmọ́ mi ò ní kí ẹ káwọ́ gbera o. Ẹ gbọ́dọ̀ gé wọn. Àwa tí a wà ní Lọ́ńdọ̀nù níbí máa ń gé tiwa lóṣù Kejì, ṣùgbọ́n òtútù ọ̀dọ̀ yín le ju tiwa lọ, ẹ dúró di oṣù Kẹta. Tí ẹ bá tètè gé e jù, ọ̀mùnú tuntun á yọ, ìrì dídì á sì pa á. Wo ara ẹ̀ka dáadáa, wàá rí ojú lára rẹ̀ bí ìgbà tí isu bá lójú. Ojú tó kọjú síta ni kí o wá. Gé ẹ̀ka náà díẹ̀ lókè rẹ̀, kí ibi tí o gé dagun, kí omi òjò lè máa ṣàn kúrò níbi ojú náà. Èyí tó ti kú àti èyí tó ń ṣàìsàn ni kí o kọ́kọ́ mú kúrò, lẹ́yìn náà àwọn tó ń ha ara wọn láàárín, torí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ ráyè gba inú igi kọjá. Ìyókù, gé e kó ku bí ìdajì. Kí àlùmọ́gàjí rẹ mú, kí o sì wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Mo mọ̀ pé ọwọ́ rẹ á máa gbọ̀n. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa níbí ló ń ṣàánú róòsì, wọn ò ní fẹ́ gé e, òkè fíofío ni yóò wá máa tanná sí, ìdí rẹ̀ á di igi ṣákálá.

Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e tán, ẹ wá ìgbẹ́ ẹṣin tó ti jẹrà dáadáa, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ yípo, má ṣe jẹ́ kó kan igi gan-an. Ẹ tún fún un ní ajílẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá tanná àkọ́kọ́ tán, ní nǹkan bí oṣù Keje.

Kíyè sí èéhù o. Èyí tó pọ̀ jù nínú róòsì tí wọ́n ń tà, orí gbòǹgbò róòsì igbó ni wọ́n lọ́ ọ sí, ìyẹn ni pé wọ́n so ó mọ́ gbòǹgbò náà kí méjèèjì lè dàgbà pọ̀ di ọ̀kan. Tí èéhù bá yọ nísàlẹ̀ ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ, róòsì igbó nìyẹn, tí o bá sì fi í sílẹ̀, á gba gbogbo oúnjẹ mọ́ èyí tí o fẹ́ lọ́wọ́. Má fi àlùmọ́gàjí gé e, torí á tún hù. Wa ilẹ̀ títí o fi máa rí ibi tó ti yọ lára gbòǹgbò, kí o wá fà á ya. Àwọn kan á ní kí o ka àwọn ewé kéékèèké tó wà lórí ọ̀pá ewé kan, pé tó bá ti pé méje, èéhù ni. Má dá wọn lóhùn. Róòsì gidi tó ní ewé méje pọ̀.

Tó bá di ìgbà ooru, ewé á lè ní àmì dúdú, á máa pọ́n, á sì máa rẹ̀. Òjò ló ń ràn án ká. Ṣa gbogbo ewé tó bá bọ́ sílẹ̀, má jẹ́ kó sùn mọ́jú níbẹ̀, ìdí igi nìkan ni kí o sì máa bomi rin. Àwọn kòkòrò wínníwínní aláwọ̀ ewé tó máa ń bo ọ̀mùnú, ìka ọwọ́ ni kí o fi tẹ̀ wọ́n pa. Mi ò fẹ́ kí ẹ fín oògùn kankan síbi tí ọmọ ń ṣeré, àwọn ẹyẹ náà sì ń fi kòkòrò yẹn bọ́ ọmọ wọn. Òdòdó tó bá ti rọ, gé e kúrò kíákíá kí òmíràn lè yọ.

Tí ẹ bá fẹ́ fi tuntun kún un, ẹ wá sọ́dọ̀ wa níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà ká jọ lọ sí Queen Mary's Gardens ní Regent's Park. Róòsì ibẹ̀ tó nǹkan bí 12,000. Fimú sí i kí o tó yàn. Róòsì tí wọ́n ń pè ní Gertrude Jekyll ni mo fẹ́ràn jù, èyí tí David Austin, ọkùnrin tó máa ń mú irú róòsì tuntun jáde, gbé jáde ní 1986. Òórùn rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni wọ́n ń ta àwọn tí gbòǹgbò wọn wà níhòòhò, owó wọn sì mọ níwọ̀n. Má gbìn ín sójú ibi tí róòsì mìíràn ti kú, kì í ṣe dáadáa níbẹ̀, àfi tí o bá kó erùpẹ̀ ibẹ̀ dànù tí o sì kó òmíràn dí i.

Ẹ̀fọ́ tí o béèrè, igun tí oòrùn ti ń pẹ́ ni kí o fún un. Parí oṣù Karùn-ún kí o tó gbin tẹ̀tẹ̀ síta. Rodo ní tirẹ̀, inú ilé lójú fèrèsé ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóṣù Kejì tàbí Kẹta, torí ó máa ń pẹ́ kó tó so. Ewédú kò fẹ́ òtútù rárá, abẹ́ gíláàsì ló máa gbé. Tó bá wá di oṣù Kọkànlá, gé orí àwọn róòsì tó ga kúrò níwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́ta, kí atẹ́gùn má bàa mì wọ́n títí gbòǹgbò á fi tú.

Ó ku èyí tó fà mọ́ ògiri. Má fọwọ́ kàn án lóṣù Kẹta. Oríṣi méjì ló ń fà bẹ́ẹ̀: ọ̀kan ń tanná léraléra, ìgbà òtútù ni wọ́n ń gé e, èkejì ń tanná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún, orí ẹ̀ka tó hù lọ́dún tó kọjá ló sì ń tanná sí, tí o bá gé e báyìí, o ò ní rí òdòdó kankan. Mi ò lè fi fọ́tò igi lásán mọ èyí tó jẹ́. Tó bá ti tanná, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, tún ya òmíràn lóṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, màá wá sọ ìgbà tí o máa gé e.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì gbá ọmọ mọ́ra fún mi.

Èmi ni,
Màmá rẹ