Ẹ Bi Ogun Léèrè Kí Ẹ Tó Jẹ́ Ìpè Rẹ̀: Lẹ́tà sí Àwọn Ọmọ Wa ní North Carolina

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń kàwé, tí ẹ sì ń ṣiṣẹ́ ní Raleigh, Durham àti Charlotte,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìrọ́jú. Àríyànjiyàn yín lórí àwọn sójà Confederate, ìyẹn àwọn tó jà fún àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tó ya kúrò lára Amẹ́ríkà nínú ogun abẹ́lé 1861 sí 1865, ti dé etí mi. Àwọn kan ní ká má tilẹ̀ dárúkọ wọn mọ́. Àwọn mìíràn, tí ọ̀rẹ́ wọn mú lọ wo pápá ogun Gettysburg, ní akin ni wọ́n, pé ẹni tó gbọ́ ìró àgbá tí kò sá yẹ lẹ́ni à ń bọ̀wọ̀ fún. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn ọ̀kan nínú àwọn rẹ́jímẹ́ǹtì, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun, wọn, 26th North Carolina, èyí tí wọ́n kó jọ lẹ́bàá Raleigh níbí ní 1861. Ẹ gba díẹ̀ lẹ́nu mi.

Akin ni wọ́n lóòótọ́. N kò ní purọ́ mọ́ òkú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje, 1863, nǹkan bí 800 nínú wọn sọdá odò kékeré kan lẹ́yìn ìlú Gettysburg ní Pennsylvania, wọ́n gun òkè wọ inú igbó lọ bá 24th Michigan, rẹ́jímẹ́ǹtì ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Ojú ń rí ojú ni wọ́n fi ń yìnbọn. Ẹni tó bá gbé àsíá ni ọta ń kọ́kọ́ wá. Tí ọ̀kan bá ṣubú, òmíràn a gbé e, títí wọ́n fi ju mẹ́wàá lọ. Kọ́nẹ́ẹ̀lì wọn, Henry King Burgwyn, gbé e náà, ọta bà á, ó sì kú. Ọmọ ọdún 21 péré ni. Igbákejì rẹ̀, John Lane, tún gbà á. Wọ́n yìn ín lọ́rùn, ọta gba iwájú jáde, síbẹ̀ kò kú. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ó lé ní 500 nínú wọn tó ti kú tàbí tó gbọgbẹ́. Àwọn ará Michigan náà jẹ ìyà: nínú nǹkan bí 500, ó lé ní 360 tí wọn ò rí kà mọ́ ara wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí àwọn afunfèrè idẹ rẹ́jímẹ́ǹtì náà, àwọn ọmọ ìjọ Moravian láti Salem, fi orin dá àwọn tó ṣẹ́kù lára yá. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n tún rán àwọn tó ṣẹ́kù yìí gba pápá gbalasa kọjá síwájú ẹnu àgbá.

Ṣùgbọ́n ìgboyà kì í sọ ohun tí ogun dá lé fún wa. Àwọn tó dá ogun náà sílẹ̀ ti sọ ọ́ fúnra wọn. Ní oṣù kẹta 1861, ní Savannah, Alexander Stephens tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Confederate dìde láàárín èrò, ó ní ìpìlẹ̀ ìjọba tuntun àwọn ni pé aláwọ̀ dúdú kò bá aláwọ̀ funfun dọ́gba, pé oko ẹrú ni ipò tí ìṣẹ̀dá yàn fún un. Ẹ̀yin tí wọ́n ń sọ fún pé ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ nìkan ni wọ́n jà fún, ẹ lọ ka ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí.

Oko ńlá létí odò Roanoke ni bàbá Burgwyn ní, ẹrú ló sì ń ro ó. Kódà ní ibùdó ogun, ẹrú kan tó ń jẹ́ Kincian ń tẹ̀ lé ọmọ náà kiri. Òun ló kó ẹrù olóògbé padà sílé. Burgwyn mọ ohun ìní tí òun ń dáàbò bò. Ti àwọn àgbẹ̀ orí òkè Caldwell, Wilkes àti Ashe ló ń yà mí lẹ́nu, àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn kò ní ẹrú kan ṣoṣo. Ní 1862, ìjọba Confederate ṣòfin tó ń fipá kó àwọn aláwọ̀ funfun láti ọmọ ọdún 18 sí 35 wọṣẹ́ ológun. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún un ṣe: oko tó bá ní ogún ẹrú lè fi ọkùnrin kan sílẹ̀ nílé. Àwọn tálákà rí i, wọ́n sì kùn. Ní oṣù kẹta 1863, àwọn obìnrin tí ebi ń pa ní Salisbury ya wọ ilé ìtajà lọ kó ìyẹ̀fun.

Ẹnì kan wà nínú wọn tó tètè lajú, ìtàn rẹ̀ sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Keith Blalock wọ rẹ́jímẹ́ǹtì náà. Ìyàwó rẹ̀, Malinda, gé irun, ó wọ aṣọ ọkùnrin, ó pera rẹ̀ ní Samuel, ó tẹ̀ lé e. Keith lọ fi ewé olóró kan tó ń yúnni bíi yèrèpè pa gbogbo ara, àwọn dókítà dá a sílẹ̀ pé àìsàn burúkú ni. Malinda ní obìnrin ni òun, wọ́n sì jẹ́ kó bá ọkọ rẹ̀ padà sílé. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀yìn ìjọba àpapọ̀ ti Ààrẹ Lincoln ni àwọn méjèèjì lọ jà.

Ní oṣù kẹta 1862, oṣù tí Ìbàdàn tú Ìjàyè nílé wa lọ́hùn-ún, 26th North Carolina wà lára àwọn tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ṣẹ́gun ní New Bern. Ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹrú sì sá wọ ibẹ̀. Abraham Galloway wà láàárín wọn, ọmọ North Carolina, ẹrú ni wọ́n bí i, ó ti sá lọ sí Àríwá ní 1857, ó sì padà wá ṣe amí fún ìjọba àpapọ̀. Ní 1863, Edward Kinsley wá láti Massachusetts láti kó àwọn dúdú wọṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò dá a lóhùn. Inú yàrá òkè àjà kan ni Galloway àtàwọn èèyàn rẹ̀ ti gbà á lálejò lóru. Wọ́n bi í pé: Owó oṣù wa ńkọ́? Ta ni yóò tọ́jú ìyàwó wa? Ilé ìwé àwọn ọmọ wa dà? Nígbà tí wọ́n gbọ́ èsì tó tẹ́ wọn lọ́rùn, àwọn èèyàn tú jáde wá forúkọ sílẹ̀. Ọmọ ọdún 26 ni Galloway nígbà náà. Ní 1868, ó dé ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ yìí.

Wọ́n á sọ fún yín pé ní 1903, Lane àti Charles McConnell, ará Michigan tó yìn ín níbọn, pàdé ní Gettysburg, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Òótọ́ ni, ó sì dára. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ìgbà náà ni North Carolina tún òfin rẹ̀ ṣe kí àwọn aláwọ̀ dúdú má baà lè dìbò mọ́. Ẹ máa ka méjèèjì pọ̀.

Àwọn kan wà nínú yín tó fẹ́ wọṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà nítorí owó ilé ìwé tàbí ìwé ọmọ onílùú. N kò ní kí ẹ má wọ̀ ọ́. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ jókòó kọ ìbéèrè tirẹ̀ sílẹ̀ bíi ti Galloway, kó gba èsì rẹ̀ ní kíkọ, kó fi han ẹni tó gbọ́ òfin kó tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹni tí kò bá ní ẹni tó máa fi hàn, kó wá sọ́dọ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé, màá bá a kà á.

Èmi ni bàbá yín ní Raleigh.