Bùnmi, ẹ bá mi pe Kúnlé

Bùnmi ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o. Ṣé àlàáfíà ni Bàbá Ìbejì àti àwọn ọmọ wà? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Màmá Sùnnù ti kó lọ sí Ìkòròdú, Ṣadé sì ti bímọ, ọkùnrin làǹtìlanti.

Kúnlé àbúrò mi ló ń dà mí láàmú. Ó ti pa ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà rẹ̀ tó ti ń jó géètì tì, kọ́ńtírátọ̀ kan ló gbé e lọ sí ibi kan tí wọ́n ń tọ́jú epo sí lọ́nà Ìbàfọ̀n. Owó wà níbẹ̀, inú mi kọ́kọ́ dùn. Àfi ìgbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un. N ò tíì dé géètì tí òórùn pẹtiróòlù ti ń gún mi nímú. Tánkà tò lọ rẹrẹ, ìyá kan ń dín àkàrà lódìkejì títì, iná igi ń jó lala. Ni Kúnlé bá jáde, ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀rá ló wọ̀, èyí tó jẹ́ pé bí iná bá kàn án, yíyọ́ ló máa yọ́ mọ́ ọn lára.

Ó ní táńkì kan ń jò nídìí, wọ́n ti fa epo inú rẹ̀, òun máa wọ inú ẹ̀ lọ jó o lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí. Mo ní ṣé wọ́n ti fọ̀ ọ́? Ó ní, "Àǹtí mi, ó ti ṣófo, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fọ̀?"

Bùnmi, ara mi bù máṣọ. Òfìfo táńkì gan-an ló ń pani. Epo tán, oru rẹ̀ ò tán. Ẹrẹ̀ epo tó sùn sísàlẹ̀ ṣì ń tú u jáde. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rá lọ, bí iná wẹ́dà bá ta sí i, ó parí. Ṣebí Bàbá Ìbejì ló sọ ti Buncefield, ibi tí wọ́n ń tọ́jú epo sí, fún wa nígbà tí ẹ wálé, ní Ìlú Ọba yín lọ́hùn-ún, oṣù Kejìlá ọdún 2005: aago tó ń sọ bí epo ṣe pọ̀ tó há, táńkì kún dànù, oru rẹ̀ bolẹ̀ bíi kùrukùru, iná ràn án. Ẹnikẹ́ni ò kú, torí ìdájí Sunday ni. Sunday náà ni ti Àbúlé-Àdó wa ní March 2020, gáàsì lọ́tẹ̀ yẹn, ó sì lé ní èèyàn 20 tó bá a lọ.

Mo bá a sọ̀rọ̀ títí, ó ní ojo ni mí. Mo sọ fún Màmá, àdúrà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàmín, àmọ́ àdúrà nìkan kọ́ ni mo fẹ́ kó fi wọ inú táńkì.

Jọ̀ọ́, bá mi bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n pè é kó tó di Mọ́ńdè. Àwọn ló kọ́ ọ níṣẹ́, ó ń bẹ̀rù wọn. Kí wọ́n bi í: ta ló fi ẹ̀rọ wọ̀n gáàsì inú táńkì yẹn, lókè àti nísàlẹ̀? Ṣé wọ́n ti dí páìpù tó wọ inú ẹ̀ pa? Ta ló fọwọ́ sí ìwé pé iná lè débẹ̀? Ta ló máa dúró lẹ́nu ihò táńkì dè é? Bí kò bá rí èsì fún wọn, kí wọ́n ní kó má wọlé. Bí kọ́ńtírátọ̀ bá lé e, kó padà wá máa jó géètì, èmi á bá a san owó ṣọ́ọ̀bù.

Nọ́ńbà rẹ̀ ti yí padà, mo ti fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp. Alẹ́ ni kí wọ́n pè é o, wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ wọn ní géètì.

Èmi ni,
Ìyábọ̀ rẹ