Àmàlà kò ṣeé rò nínú kẹ́tù

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka lẹ́tà ẹni tó ní kí ìjọba kó àwọn tí wọ́n wó ilé wọn l'Ábújá sí òtẹ́ẹ̀lì, pé ṣebí yàrá tó ṣófo pọ̀ ní Wuse àti Utako. Inú rere ló fi sọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó ti fi òtẹ́ẹ̀lì ṣe ilé rí ni kí ẹ bi.

Lọ́dún tó kọjá, katapílà wó ilé tí a ń gbé. Èmi, bàbá wọn àti ọmọ mẹ́ta bá kó sí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ní Kubwa, yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì kan. A ní ọjọ́ mẹ́ta péré ni. Ọjọ́ 23 la lò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lálaalẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Onílé kì í gba owó díẹ̀díẹ̀, owó ọdún kan gbáko ló ń gbà, ká tó wá kan ti éjẹ́ǹtì. Bẹ́ẹ̀ ni owó tí à bá fi gba ilé ṣe bá òtẹ́ẹ̀lì lọ.

Wọn ò sì jẹ́ ká dáná. Inú kẹ́tù iná ni mo ti ń se Indomie, màá fi táwẹ́ẹ̀lì dí abẹ́ ilẹ̀kùn kí òórùn má baà jáde. (Àmàlà ò ṣeé rò níbẹ̀, mo ti gbìyànjú.) Lọ́jọ́ tí mánéjà ká mi mọ́ ọn, ojú tì mí ju ọjọ́ tí wọ́n wó ilé lọ.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2004 ni òfin ti ní káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn, kò gbọdọ̀ fi ìdílé tó ní ọmọ sí B&B, òtẹ́ẹ̀lì kékeré tó ń fúnni ní ibùsùn àti oúnjẹ àárọ̀, ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Síbẹ̀, àwọn kan ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí ilé tí wọn ó kó wọn sí. Tiwa tí kò ní gbèdéke ńkọ́? Ẹ lọ wo àgọ́ Durumi l'Ábújá níbí. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pè é nígbà tí àwọn tí Boko Haram lé kúrò ní Gwoza, ní ìpínlẹ̀ Borno, dé ibẹ̀ ní nǹkan bí 2014. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti tó rán níṣẹ́ báyìí.

Bí ìjọba bá fẹ́ náwó, kí wọ́n san owó ilé ọdún àkọ́kọ́ fún onílé, ká máa dá a padà lóṣooṣù. Bó bá sì di dandan kó jẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n dá ọjọ́ tí a ó kúrò níbẹ̀, kí wọ́n sì fún wa níbi tí a ó ti máa dáná.

Ìyá Ìbejì,
Dutse Alhaji, Àbújá