Adìẹ tí ooru ń pa: ẹ wo aago tí ẹ fi ń fún un lóúnjẹ

Sí Olóòtú,

Tí oṣù kejì ọdún bá ti wọlé, tí ooru sì mú, oògùn ni àwọn olóko adìẹ máa ń sáré lọ rà. Fítámì C inú omi dára, a ò ní kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Ṣùgbọ́n adìẹ tó ń kú láàárín aago 2 sí aago 5 ọ̀sán, wákàtí tí wọ́n fún un lóúnjẹ sábà máa ń lọ́wọ́ nínú ikú rẹ̀.

Ẹ̀dá abẹ̀mí ní aago nínú ara, tó ń sọ ìgbà tí ara yóò ṣe nǹkan kọ̀ọ̀kan. Lára eṣinṣin èso ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ronald Konopka àti Seymour Benzer ti kọ́kọ́ rí jíìnì (èròjà àjogúnbá) tó ń darí rẹ̀ ní 1971. Nílé níbí, J. O. Ayo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Zaria wọn ooru ara ewúrẹ́ pupa Sokoto nígbà ọyẹ́, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1999: ó ń lọ sílẹ̀ láàárọ̀, ó ń gòkè lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti adìẹ. Ara adìẹ gbóná tó 41°C láìsí wàhálà kankan, kò lè làágùn, ọ̀sán sì ni aago ara rẹ̀ ń gbé ooru náà sókè.

Oúnjẹ tó ń dà nínú rẹ̀ tún ń mú ooru wá, èyí tó máa ń ga jù ní nǹkan bíi wákàtí 4 sí 6 lẹ́yìn tó jẹun. Ẹ ṣírò rẹ̀: èyí tí òṣìṣẹ́ da oúnjẹ fún ní aago 10, ooru inú rẹ̀ àti ti oòrùn á pàdé ní aago 2 sí 4. Ìgbà náà lẹ ó rí i tó yanu sílẹ̀, tó na ìyẹ́ apá, tó ń mí gúlegúle. Ọgọ́rùn-ún adìẹ ẹlẹ́yin tó ń jẹ kílò 12 lóòjọ́, ẹ fún wọn ní kílò 4 ní aago 4 ìdájí, ẹ kó ìyókù kúrò ní aago 9, kí ẹ wá da kílò 8 sílẹ̀ láti aago 4 ìrọ̀lẹ́. Omi ò gbọdọ̀ kúrò níwájú wọn, kí táǹkì rẹ̀ sì wà lábẹ́ ibòji. Adìẹ kì í fẹ́ mu omi gbígbóná.

Iná ló jẹ́ kí aago 4 ìdájí yìí ṣeé ṣe. Adìẹ ẹlẹ́yin ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀ bíi wákàtí 16, bíi 12 péré sì ni ojúmọ́ ilẹ̀ wa. Ẹ tan iná ní aago 4, ẹ pa á ní aago 8 alẹ́, àmọ́ ààbọ̀ wákàtí lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un títí yóò fi pé. Iná ìjọba ò ṣeé gbára lé. Gílóòbù sólà tó ní táímà ló dára. Bí iná bá ń tàn lónìí tí kò tàn lọ́la, adìẹ á gbà pé ojúmọ́ ti ń kúrú, ẹyin á já wálẹ̀, ìyẹ́ á sì máa jábọ́. Èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 16, ẹ má fi iná kún ọjọ́ tirẹ̀ rárá: á yéyin láìtó àkókò, ìdí rẹ̀ sì lè yọ síta.

Ọ̀rọ̀ èèpo ẹyin ló ń dùn wá jù, torí owó ńlá ló ń bá a lọ. Ẹyin kan ń lo bíi wákàtí 25 nínú adìẹ. Èèpo nìkan gba bíi 20, òru ló sì bọ́ sí jù, nígbà tí adìẹ ò jẹun. Kálísíọ̀mù, èròjà tó ń di èèpo, tó jẹ ní yẹ̀fun láàárọ̀ ti kọjá lọ nígbà náà, inú egungun ara rẹ̀ ló máa ti fà á. Ẹ jẹ́ kí ìdajì kálísíọ̀mù rẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ ẹyọ wóróbo, mìlímítà 2 sí 4, nínú oúnjẹ ìrọ̀lẹ́. Inú iwe ló máa dúró sí, táá máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mímí gúlegúle tún ń kó káábọ́nì dàyọ́kísáídì (afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta) jáde nínú ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun àti kálísíọ̀mù ló ń di èèpo. Ìdí nìyẹn tí ẹyin fi ń fọ́ nínú kéèjì lásìkò ooru, bí ẹ tilẹ̀ po yẹ̀fun kún yẹ̀fun.

Ní ti bróílà, adìẹ tí à ń sìn fún ẹran, títan iná fún un mọ́jú kò dára. Wọ́n ní ó ń jẹ́ kó tètè sanra, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í lágbára, ikú òjijì sì ń pọ̀. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 2007 ní kó rí òkùnkùn wákàtí 6 lóòjọ́, kí 4 nínú rẹ̀ má já rárá. Ẹ gbá a mú láti tà ní òru tàbí ìdájí, kì í ṣe ọ̀sán.

Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa tẹ àwọn wákàtí yìí sójú ewé àgbẹ̀ kí ooru tó dé.

Àwa oníṣègùn ẹran ọ̀sìn,
Ìbàdàn